Kí ni ìbéèrè rẹ, kí o tó ní systematic review lo fẹ́ ṣe?

Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá wá sídìí tábìlì mi kò ju, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé díẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru." Orin ti yí padà báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe másítà, dókítà tó ń múra ìdánwò, ọmọ ọdún ìkẹyìn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìtọ́kasí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu gbogbo wọn jáde: "Systematic review ni mo fẹ́ ṣe o, mà." Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ ṣáájú wá gbogbo ìwádìí tó wà lórí ìbéèrè kan, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì kó wọn jọ. Tí mo bá wá bi wọ́n pé ìbéèrè wo ni wọ́n fẹ́ kó dáhùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

Mi ò bá wọn wí. Wọ́n ti sọ fún wọn pé systematic review ni ọ̀gá. Wọ́n ní narrative review, ìyẹn èyí tí ẹni tó ń kọ ọ́ á ka ìwé, á yan èyí tó wúlò, á sì fi làákàyè ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Irọ́ ni. Ìbéèrè ló ń yan ọ̀nà. Tí ìbéèrè bá ti yan ọ̀nà tán, kí èèyàn wá ka iye ọwọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ náà àti iye oṣù tó kù kó tó kó ìwé síwájú ìgbìmọ̀. Bí orúkọ náà ṣe ń dún létí kò sí nínú ohun tí mò ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Àbúrò kan wá bá mi, nọ́ọ̀sì ni, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní sickle cell ló ń ṣiṣẹ́, àrùn tí àwọn èèyàn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe ìwé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn ìyá ọmọ ni. Tí dókítà bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á fà á sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, wọ́n ní òtílí dáa fún un. Ṣé kí n máa fún un?" Kò mọ èsì tó máa fọ̀. Ó wá pinnu pé orí ọ̀rọ̀ yìí ni òun máa gbé iṣẹ́ másítà òun lé. Àkọlé tó kọ wá ni, "Egbòogi àti sickle cell: systematic review."

Mo ní, "Àbúrò mi, èyí kì í ṣe ìbéèrè o. Inú rẹ̀ ni ìbéèrè máa ti jáde, ó sì lè tó mẹ́ta." A fa bébà kan yọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ìyá yẹn ń bi í gan-an. Tí ẹni tó ní SS bá ń lo oògùn tí wọ́n fi ewé tàbí egbò ṣe, ṣé ìrora tó máa ń dédé gbé e dálẹ̀ á dín kù ju ti ẹni tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú? Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe há. A mọ ẹni tó kàn, a mọ ohun tí wọ́n fún un, a mọ ohun tí wọ́n fi wé e, a sì mọ ohun tí a máa kà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n ń pè ní PICO. Ìbéèrè tó bá há báyìí, tó sì jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa gbé lọ bá ìyá ọmọ, systematic review ló tọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé tí a bá fi èèyàn sílẹ̀ kó máa yan ìwé, èyí tó gbè é lẹ́yìn ló máa mú. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

Ẹni ńlá pàápàá ń ṣe é. Linus Pauling gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1986 ó kọ ìwé tó fi polongo vitamin C, ó ní ó ń lé ọ̀fìnkìn, ó sì tọ́ka sí ìwádìí rẹpẹtẹ. Paul Knipschild, ará Netherlands, jókòó, ó tú gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà síta, ó sì gbé ohun tó rí jáde nínú BMJ, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1994. Ó rí àwọn ìwádìí tó múná dóko tí Pauling kò fẹnu bà rárá. Nígbà tó kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tó kù, vitamin C kò dènà ọ̀fìnkìn. Bóyá ló fi díẹ̀ dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Pauling kò purọ́. Ìwé tó wù ú ló kà.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ ọwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ìwé àwọn dókítà àti ti àwọn tó ń kọ́ àwọn abiyamọ nílẹ̀ òyìnbó ń sọ pé kí wọ́n máa dojú ọmọ bolẹ̀ tó bá ń sùn, pé tó bá bì, kò ní í gbé e mì. Ó dún bí ọgbọ́n, àbí? Àmọ́ àwọn ìwádìí kan ti wà níta tó fi hàn pé ọmọ tó ń dojú bolẹ̀ sùn ló ń kú ikú òjijì jù. Ìwádìí kan níhìn-ín, ìwádìí kan lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó kó wọn jọ. Ní 1991 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ kó gbogbo ìwádìí yẹn jọ ní 2005. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan ti ṣe systematic review lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1970, àṣírí ì bá ti tú nígbà náà, ì bá sì ti ṣeé ṣe láti gba ẹ̀mí ọmọ tó lé ní 10,000 là ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ó kéré tán 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti agbègbè Ọsirélíà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà systematic review yìí wà fún, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyẹn, mi ò sì ń fi kún un.

Ká padà sórí òtílí. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ systematic review, wò ó bóyá ẹlòmíì ti ṣe é. Àbúrò mi yìí kò wò ó. A jọ wò ó. Cochrane, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 tí wọ́n fi sọrí Archie Cochrane, dókítà ará Scotland tó ti ń bínú látìgbà pípẹ́ pé àwọn dókítà kò kó ẹ̀rí wọn jọ, ti ní ọ̀kan nílẹ̀ lórí egbòogi fún sickle cell. Oluseyi Oniyangi, dókítà àwọn ọmọdé ní Àbújá, ló ṣe é pẹ̀lú Damian Cohall. Gbogbo ayé ni wọ́n wá. Ìdánwò mẹ́ta péré ló yege, àwọn aláìsàn tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ju 212 lọ.

"Mẹ́ta?" Ó pariwo débi pé àwọn tó ń kàwé yíjú wò wá.

Mẹ́ta ni. Ọ̀kan ni Niprisan, tí iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ṣe: iyèré wà nínú rẹ̀, igi osùn wà níbẹ̀, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà náà. Ìdánwò rẹ̀ fi hàn pé ìrora tó le dín kù láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò yí bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe kéré sí padà. Èkejì ni Ciklavit, èyí tí wọ́n fi òtílí ṣe, tí wọ́n dán wò ní Èkó. Ó jọ pé ó ń dín ìrora kù, ó sì tún ṣeé ṣe kó máa dín ẹ̀jẹ̀ ara kù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí ìyẹn kò lágbára. Ẹ̀kẹta ni egbò kan láti Brazil tí wọ́n ń pè ní Pfaffia paniculata, tí wọn ò rí àǹfààní kankan lára rẹ̀. Ó parí. Gbogbo ariwo òtílí tí a ń gbọ́ lọ́jà, ìdánwò kan ṣoṣo ló dúró lé níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára systematic review nìyí: ó máa ń jẹ́ kí èèyàn rí bí ilẹ̀ ṣe ṣófo tó. Narrative review lè fi gbólóhùn dídùn bo ihò yẹn mọ́lẹ̀, kó sì dà bíi pé ẹ̀rí pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ yẹn nìkan ló ń ṣe iṣẹ́. Wíwá ìwé ni oúnjẹ òòjọ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí àbúrò mi ti ṣe kó tó wá ni pé ó tẹ "sickle cell anaemia herbs" sínú Google Scholar, ó sì ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́. Google Scholar wúlò, àmọ́ ohun tó bá fi hàn ọ́ lónìí, ó lè má fi hàn ẹlòmíì lọ́la bó ṣe tò ó, systematic review sì nìyí, ohun tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lè tún ṣe ni. A wọ PubMed, dátábéèsì ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. "Anaemia" ni àwa ń kọ, "anemia" ni Amẹ́ríkà ń kọ, a ní láti fi méjèèjì sí i. A kọ sickl, a fi ìràwọ̀ sí ìdí rẹ̀ kó lè kó sickle, sickling àti sickled wọlé pọ̀. Ó rò pé ìyẹn ti tó. Mo ní antisickling ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sickl, kò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn tó ń yẹ ewé wò ń lò jù. Ẹ tún wo orin ata, igi tí a ń run egbò rẹ̀ bíi pákò. Tí o bá fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é báyìí wá a, Zanthoxylum zanthoxyloides, wàá pàdánù àwọn ìwádìí ìgbà àwọn ọdún 1970, torí Fagara ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Òtílí náà: Cajanus cajan lóhùn-ún, pigeon pea níhìn-ín.

PubMed nìkan kò sì tó. Ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, African Journals Online la ti ń bá wọn. Àwọn ìwé ìgboyè wà lórí pẹpẹ ní Kenneth Dike Library nínú Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n wà ní Hezekiah Oluwasanmi Library ní Ifẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ bá òmíràn nínú wọn. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí egbòogi ilẹ̀ wa, tó wá kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ti wá gbogbo ẹ̀rí, nígbà tó jẹ́ pé dátábéèsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo ló wò, mi ò mọ ohun tó kàn ń sọ.

Ìbéèrè kejì tó jáde lórí bébà wa yàtọ̀ pátápátá. Báwo ni ọ̀rọ̀ ewé àti egbò fún àrùn yìí ṣe rìn, láti ẹnu onísègùn dé inú ilé àyẹ̀wò? Ní 1971, Abayomi Sofowora, tó jẹ́ onímọ̀ egbòogi ní Ifẹ̀, àti Isaacs gbé iṣẹ́ kan jáde pé omi egbò orin ata ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Orin ata tí àwọn bàbá wa ń run láràárọ̀! Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, James Herrick ti ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé lára akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Chicago. Ní 1949, Pauling, ọkùnrin vitamin C yẹn kan náà, wà lára àwọn tó fi hàn pé inú hemoglobin ni àléébù náà wà. Níbí lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ń kú tó ń padà wá, àbíkú là ń pè é kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awò, àwọn òǹkọ̀wé kan sì ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀ látìgbà náà. Ta ló fẹ́ fi PICO dáhùn èyí? Kí lo fẹ́ kà? Kí lo fẹ́ fi wé kí ni? Ìtàn, ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìgbàgbọ́ àti òwò oògùn ló dì mọ́ra wọn. Ẹni tó máa kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣe pàtàkì kó sì ní ojú tó fi ń rí bí wọ́n ṣe kan ara wọn. Narrative review ni. Trisha Greenhalgh àti àwọn méjì míì kọ ọ́ ní 2018 pé kò sí ìdí gidi tí wọ́n fi gbé systematic lé orí narrative bí ọba lórí ìwọ̀fà, pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe: ọ̀kan ń kó ẹ̀rí jọ, èkejì ń mú kí ọ̀rọ̀ yéni. Mo fara mọ́ wọn.

Ìbéèrè kẹta: ewé wo àti egbò wo ni wọ́n ti yẹ̀ wò, nínú ìgò àyẹ̀wò ni tàbí lára eku tàbí lára èèyàn? Èyí fẹ́ kí a wá ìwé tọkàntọkàn bíi ti systematic, àmọ́ kò fẹ́ ìdájọ́ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Scoping review ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Arksey àti O'Malley ló la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti àsìkò, òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn kan yẹ àwọn systematic review tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní PROSPERO wò, ìyẹn ìwé orúkọ tí Yunifásítì York ṣí ní 2011 fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n lè kéde ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó rí èsì. Ní 2017 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé láti ìforúkọsílẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá tẹ iṣẹ́ náà jáde ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 67, òǹkọ̀wé márùn-ún sì ló ń wà nídìí ọ̀kan. Márùn-ún! Ìwọ nìkan lo wà, súpáfáísọ̀ rẹ kì í gbé fóònù, iná tún ń lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dín sí méjì, torí ẹni méjì ló yẹ kó dá yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó wá fi ẹnu kò. Àtẹ PRISMA, èyí tí àwọn tó ń kọ systematic review ń tẹ̀ lé, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, ní ohun 27 tí o gbọ́dọ̀ ròyìn. Níbẹ̀ ni o ti máa ya àwòrán tó ń fi hàn iye ìwé tó wọlé, iye tó jáde, àti ohun tó lé wọn jáde.

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ narrative review tó dára, tó mọ́, tí ìgbìmọ̀ wá ní kó lọ fi "systematic" síwájú àkọlé rẹ̀ kó lè níyì. Ó fi í síwájú lóòótọ́. Dátábéèsì kan ló wá, òun nìkan ló yan ìwé, kò kọ ọjọ́ tó wá a. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ ni, kò sì bò ó tán. Mo bá ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mo ní rárá o, sà, mo kàn fẹ́ ka iṣẹ́ náà kí n sì gbà á gbọ́. Irú rẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan o. John Ioannidis kọ ọ́ ní 2016 pé wọ́n ti ń rọ systematic review jáde bí ẹni ń rọ ìṣó, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúlò tàbí ń ṣini lọ́nà.

Ẹ̀yin tí narrative bá tọ́ sí, ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá ìwé, kódà tó bá jẹ́ gbólóhùn méjì. Ẹ sọ ìdí tí kókó náà fi ṣe pàtàkì, kí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sì hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí ìwé tó ta kò yín, kì í ṣe àwọn tó ń gbè yín lẹ́yìn nìkan. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní SANRA, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ohun mẹ́fà péré ló ń béèrè lọ́wọ́ narrative review. Ẹ wá a, ẹ fi wo iṣẹ́ yín kí olùyẹ̀wò tó fi wò ó.

Àbúrò mi mú ìbéèrè kẹta. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù ló gbà láti jẹ́ ojú kejì fún un, wọ́n ń lo Rayyan lórí fóònù láti fi yan ìwé nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru tí ilẹ̀ sì tutù. Ìjà ti dé àárín wọn. Ọ̀kan ní ìwádìí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe nínú ìgò ti di ìwádìí lára èèyàn, èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ pé ibi báyìí ló ń dun òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá bá mi. Mo ní kí wọ́n padà lọ wo ohun tí wọ́n kọ sínú protocol wọn, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n ń tún un kọ lọ́wọ́ báyìí, wọ́n sì ní láti kọ déètì síbi tí wọ́n ti tún un ṣe.